Ẹni tí Ń Lu Gbàǹjo àti Onígbọ̀wọ́ Rẹ̀

Àsọyé tí a kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ìjọ ní Ìlobùú, tí a sì tún sọ ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun

  Nígbà tí ẹgbẹ́ tí ó pè mí bi mí léèrè ohun tí èmi yóò sọ̀rọ̀ lé lórí, wọ́n rò pé èmi yóò dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn wòlíì. Nígbà tí mo wí fún wọn pé ọ̀rọ̀ gbàǹjo ni, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fà á fún yín.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wa tọ̀ mí wá ní alẹ́. Ọmọ rere ni. Ó kàwé, ó lè dúró níwájú ènìyàn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì já gaara. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ gba ìwé-àṣẹ láti máa lu gbàǹjo. Àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ọjà fún mi tà ní kí n mú onídùúró wá, ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé pé bí owó ẹnikẹ́ni bá sọnù lọ́wọ́ mi, òun ni yóò san án. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i." Ó tẹ́ ìwé náà síwájú mi, ó sì gbé kálàmù lé e lórí.

Èmi kò fọwọ́ sí i ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo wí fún un pé, "Ọmọ mi, fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí o sì fún mi láyè." Ohun tí mo rò, tí mo kà, tí mo sì béèrè ní àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni mo kó wá fún yín lónìí. Ní òpin ọ̀rọ̀ mi, èmi yóò sọ ìdáhùn tí mo fún un.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa ti mọ gbàǹjo. Ní ọjọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn, a ó kó iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti àkùkọ tí a so lẹ́sẹ̀ jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnìkan tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá yóò gbé iṣu kan sókè, yóò ní kí a dá owó lé e. Bàbá kan á ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ìyá kan lẹ́yìn á fi igba lé e. Owó á sì máa gòkè títí ẹnikẹ́ni kì yóò fi kún un mọ́. Nígbà náà ni yóò kà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, iṣu náà á sì di ti ẹni tí owó rẹ̀ ga jù. Kò sí ẹni tí ń bi ẹni tí ń ta iṣu ìkórè léèrè ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó mú iṣu náà wá ti fi í fún Ọlọ́run tọkàntọkàn. Bí owó rẹ̀ bá kéré, kò sí opó tí yóò torí rẹ̀ sunkún.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, òfin ti là á sílẹ̀ kedere. Òfin Ọjà Títà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893, èyí tí òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ̀lé nígbà tí ó yá, wí pé nígbà tí òòlù bá bọ́ sílẹ̀, tàbí tí onígbàǹjo bá kéde rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí a mọ̀, ọjà ti parí. Kí òòlù tó bọ́, ẹni tí ó dá owó lè sọ pé òun kò rà á mọ́. Lẹ́yìn tí ó bá bọ́, àdéhùn ti dè é, ó sì gbọ́dọ̀ san owó náà. Òfin kan náà wí pé bí ẹni tí ó ni ọjà bá fẹ́ dá owó lé ọjà ara rẹ̀, tàbí tí ó fẹ́ rán ẹlòmíràn láti dá owó fún òun, a gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ṣáájú. Bí a bá ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tí ó rà á lè kà á sí ẹ̀tàn.

Ẹ kíyèsí bí agbára tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan yìí ti pọ̀ tó. Ní ọjà tí a ń ná lójoojúmọ́, olójà àti oníbàárà ń wo ojú ara wọn. Bí kò bá wọ̀, wọn á fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ ọjà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ibi gbàǹjo, ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó ni ohun ìní náà kò sí níbẹ̀ rárá. Lọ́pọ̀ ìgbà kò tilẹ̀ fẹ́ kí a tà á. Gbèsè ni ó ń tà á. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó di òòlù mú lè parí ohun tí bàbá kan fi ọgbọ̀n ọdún kọ́, láàárín ìgbà tí ènìyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà ni kò fi tọ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ohùn tí ó ròkè kàn gbé òòlù fúnra rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé iṣẹ́ ẹ̀gàn ni. Ẹ rántí bí àwọn ènìyàn wa ti padà wálé. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọn a fà á lọ sí Freetown ní Sàró. Bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, a ó lu ọkọ̀ náà àti ẹrù inú rẹ̀ ní gbàǹjo. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a tú sílẹ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a ń pè ní Àkú níbẹ̀, a máa da owó wọn pọ̀ láti ra ẹrù níbi gbàǹjo wọ̀nyí, kí wọ́n lè fi ṣòwò. Ní nǹkan bí ọdún 1839, àwọn kan nínú wọn ra ọkọ̀ tí ó ti kó ẹrú rí, wọ́n sọ ọ́ ní Queen Victoria, wọ́n sì bá a wá sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà tí irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí là ni Henry Townsend gbà nígbà tí ó dé Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, tí ó sì wọ Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1843. A ti fi òòlù gbàǹjo ta ọmọ ènìyàn ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n níhìn-ín Ọlọ́run mú kí òòlù kan náà là ọ̀nà ilé fún àwọn tí a tà. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ yìí sọ ènìyàn di ọlọ́lá ní Èkó pẹ̀lú. Andrew W. Thomas jẹ́ onígbàǹjo tí gbogbo Èkó mọ̀, òun ni ó sì ni ilé gíga tí a ń pè ní Ebun House, tí a kọ́ ní ọdún 1913.

Ní ilẹ̀ wa gan-an, kí òfin gbàǹjo tó dé, báwo ni a ti ń gba gbèsè? Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921, sọ nípa ìwọ̀fà, ó sì sọ nípa ẹni tí ń dógò ti onígbèsè. Ẹni tí ó wá dógò a jókòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, a máa pariwo, a máa bú onílé, a sì máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tí ó bá rí pa jẹ, títí ara ilé yóò fi wá owó náà dé. Nínú irú ìdógò bẹ́ẹ̀, kò sí ìṣirò. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé adìẹ mélòó ni ó tó gbèsè náà, tàbí ta ni ó ni ewúrẹ́ tí a pa. Gbàǹjo tí a ṣe lábẹ́ òfin sàn ju èyí lọ, nítorí pé ó ní ọjọ́, ó ní iye, ó ní ẹ̀rí, ó sì ní àṣẹ́kù tí a gbọ́dọ̀ dá padà fún onígbèsè lẹ́yìn tí gbèsè bá ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ìwé-àṣẹ kúrò, tí a mú ìkéde kúrò, tí a sì mú onígbọ̀wọ́ kúrò, gbàǹjo ti padà di ìdógò tí ó wọ kóòtù tí ó sì so táì mọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn mẹ́ta wọ̀nyí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ìwé-àṣẹ. Òfin àwọn onígbàǹjo jẹ́ òfin ìpínlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kì í sì ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbé ọjà fún un. Àwọn kan rò pé owó orí mìíràn ni èyí. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé-àṣẹ ń sọ fún aráyé pé a mọ ọkùnrin yìí, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ibi tí a ti lè pè é wá jíhìn, àti pé ẹni tí ó fún un ní àṣẹ lè gbà á padà. Onígbàǹjo wà láàárín ènìyàn mẹ́ta. Ó ń ṣojú ẹni tí ń tà. Bí òòlù bá ti bọ́, òfin fún un láṣẹ láti fọwọ́ síwèé ọjà náà ní orúkọ ẹni tí ó rà pẹ̀lú. Ẹnì kẹta ni ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí ó ní ẹ̀tọ́ nínú ohun tí a ń tà: ìyàwó, àbúrò, ọmọ tí ó wà ní ìrìn-àjò, ẹbí tí ó ni ilẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ lè pariwo fún ara wọn. Nítorí ẹnì kẹta yìí ni òfin ṣe sọ̀rọ̀ jùlọ.

Èkejì ni ìkéde. Nínú òfin àwọn onígbàǹjo, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé òfin Èkó àti ti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí òfin wọn ti orísun kan náà jáde, a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ ní gbàǹjo àfi lẹ́yìn tí a bá ti kéde rẹ̀ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. A gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní olórí ìlú agbègbè tí ilẹ̀ náà wà, a sì gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ ní ibi tí a ó ti tà á pẹ̀lú. Ìwé nìkan kò tó. Òfin ní kí a lu ìlù sí i, tàbí kí a lo ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò kàwé lè fi gbọ́, kí a sì dárúkọ ẹni tí ń tà á àti ibi tí ó ń gbé. Ẹ wo bí òfin yìí ti ní àánú! Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ mọ̀ pé ìyá àgbà tí ó ni ilé lè má mọ Á yàtọ̀ sí Bí, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ìlù, yóò jáde wá béèrè pé kí ni ó dé.

Èmi mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìlù kò dún. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí èmi kì yóò dárúkọ, opó kan wà nínú ìjọ mi tí ọkọ rẹ̀ ti fi ilé ṣe ìdógò kí ó tó kú. Ó ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó ata tí ó ń tà. Ní ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí ó ti jáde, ọkùnrin kan wá pẹ̀lú agogo kékeré, àwọn ènìyàn márùn-ún sì tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni kò lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣáájú ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì lu ìlù. Ó ka ìwé kan ní ẹnu ọ̀nà, ó mi agogo rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà sì ra ilé. Nígbà tí ìyá náà ti ọjà dé, àgádágodo tuntun ni ó bá lára ilẹ̀kùn.

Mo bá a lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. A mọ̀ pé iye tí a ta ilé náà ju gbèsè tí ó kù lọ, nítorí náà àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ wà. A béèrè àṣẹ́kù, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ẹni tí ó mi agogo lọ. A béèrè ìwé-àṣẹ rẹ̀, kò ní. A béèrè onígbọ̀wọ́ rẹ̀, kò sí. Ìyá náà kú ní yàrá àbúrò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó ní ìyanjú. Ṣùgbọ́n apá kan ìtàn yìí kù tí ó ń dùn mí títí di òní. Ọkùnrin tí ó mi agogo yẹn ti bá wa ta ọjà ìkórè ní ọdún méjì ṣáájú. Èmi ni mo dúró níwájú ìjọ tí mo yìn ín pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjà tà bí tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé alùfáà lè ṣe onígbọ̀wọ́ ènìyàn láìfọwọ́ síwèé kankan. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ nítorí pé èmi yìn ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dọ̀ràn, ìyìn mi kò lè san kọ́bọ̀ kan fún opó náà.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé ilé-ẹjọ́ kò lè dá ilé náà padà ni? Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ibi tí a bá ti fi ẹ̀tàn tà á, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ẹni tí ó rà á bá ti rà á pẹ̀lú òtítọ́ ọkàn, tí kò sì mọ̀ pé ìkéde kò pé, a ti dá ẹjọ́ pé àìpé ìkéde nìkan kò tó láti gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹni tí a ṣẹ̀ lọ béèrè owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á láìtọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí. Lẹ́yìn tí òòlù bá bọ́, ó lè jẹ́ pé owó nìkan ni ó kù fún ẹni tí a ṣẹ̀. Bí ẹni tí yóò san owó náà kò bá sí, tàbí tí kò ní nǹkan kan, ìdájọ́ rere kì í ju ìwé lásán lọ. Níbí ni a ti rí ìdí tí a fi ń béèrè onígbọ̀wọ́.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ilẹ̀, nítorí ìlú tí a wà. Ìlobùú àti Ifọ́n kò jìnnà sí ara wọn. Oko wọn kan ara wọn, ọmọ wọn sì ń fẹ́ ara wọn. A mọ Ìlobùú mọ odò Erinlẹ̀, a sì mọ orúkọ Olúfọ́n jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, tí ó sun ilé, tí ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Èmi kò wá láti ṣe onídàájọ́ lórí ààlà. Ohun tí mo ń wí ni pé ní ibi tí ilẹ̀ ti ń gbóná tó báyìí, ẹni tí ó bá lọ ta ilẹ̀ ní gbàǹjo ìkọ̀kọ̀ ń ju ẹyin iná sórí koríko gbígbẹ. Bí a bá lu ìlù ní Ìlobùú tí a kò sì lù ú ní ibi ilẹ̀ náà gan-an, ẹni tí ó ń dáko níbẹ̀ kì yóò gbọ́, àfi ní ọjọ́ tí ẹni tí ó rà á bá gbé katakata dé.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sì tún fi odi mìíràn yí i ká. Bí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, a kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ: bí ó bá jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ni ó pàṣẹ kí a tà á, Gómìnà ni yóò fọwọ́ sí i, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Níhìn-ín, ìyẹn ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn fún Ìlobùú, àti ti Orólù fún Ifọ́n. Bákan náà, òòlù kò lè fúnni ní ohun tí ẹni tí ń tà kò ní. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnìkan. Gbèsè ọmọ kan kò lè sọ ilẹ̀ gbogbo ẹbí di ọjà gbàǹjo. Onígbàǹjo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè pé ta ni ó ni í, ta ni ó fọwọ́ sí i, ibo ni ààlà rẹ̀ wà, kí ó tó gbé òòlù rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni onígbọ̀wọ́. Ìwé ìgbọ̀wọ́ máa ń so ènìyàn mẹ́ta pọ̀: ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́, ẹni tí a ṣe é fún, àti ẹni tí ó ṣèlérí pé bí ẹni àkọ́kọ́ bá kùnà, òun yóò san án dé iye tí a kọ. Nígbà kan rí, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó a máa béèrè irú èyí lọ́wọ́ akọ̀wé tí yóò ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Lónìí, iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú lè ṣe é fún owó. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003, tí ó ṣiṣẹ́ títí di ọdún 2025, ka ìgbọ̀wọ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ wọn. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé, ẹni tí ó bá fẹ́ lu gbàǹjo gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbọ̀wọ́ 20,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ó bá jẹ lówó lè rí ibi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣi èyí mú. Wọ́n rò pé ìwé ìgbọ̀wọ́ ń dáàbò bo onígbàǹjo, bí adójútòfò ti ń dáàbò bo ẹni tí ó ni mọ́tò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé ọjà wá àti ẹni tí ó rà á ni ó ń dáàbò bò. Bí onígbọ̀wọ́ bá san owó náà tán, yóò yí padà sí onígbàǹjo, yóò sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gba onígbọ̀wọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ẹlòmíràn ni ó fi kún un.

Ní àkókò yìí ni Ìwé Mímọ́ mú mi ronú púpọ̀. Ìwé Òwe, ní orí kẹfà àti ní orí kọkànlá, kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún àlejò. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ́nẹ́sísì, Júdà ṣe onígbọ̀wọ́ Bẹ́ńjámínì lọ́dọ̀ baba wọn, a sì kà á sí ìwà rere fún un. Episteli sí àwọn Hébérù sì pe Olúwa wa fúnra rẹ̀ ní onígbọ̀wọ́. Ṣé Ìwé Mímọ́ ń tako ara rẹ̀ ni? Rárá o. Ẹni tí Òwe ń bá wí kò mọ ẹni tí ó dúró fún, kò mọ iye rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó kó sí bí ẹyẹ ti í kó sínú okùn. Júdà mọ ẹni náà, ó mọ ẹni tí yóò jíhìn fún, ó mọ ohun tí yóò ná an. Nígbà tí ọjọ́ pé ní Íjíbítì, kò sá. Ó jáde síwájú, ó ní kí a mú òun dípò ọmọ náà.

Nítorí náà, mo ní ọ̀rọ̀ fún ìhà mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ó gba ìwé-àṣẹ kí ó tó mi agogo. Kí ó ya owó àwọn tí ó gbé ọjà fún un sọ́tọ̀ ní báńkì, kí ó má ṣe dà á pọ̀ mọ́ owó ọbẹ̀ ilé rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ ọjà kọ̀ọ̀kan, iye tí a tà á, àti ẹni tí ó rà á, kí ó sì jíhìn láìjẹ́ pé a lé e kiri. Kí òun fúnra rẹ̀ má ṣe rà nínú ohun tí ó ń tà, kí ó má sì fi ẹlòmíràn bojú rà á. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, onígbàǹjo kò sì ní ọjà mìíràn tí ó jẹ́ tirẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra nǹkan ní gbàǹjo, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ó béèrè ìwé-àṣẹ, kí ó béèrè ibi tí a ti kéde rẹ̀ àti ọjọ́ tí a kéde rẹ̀, kí ó sì lọ wo ohun náà ní ojúmọmọ. Bí owó rẹ̀ bá kéré ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó bi ara rẹ̀ pé omijé ta ni ó mú kí ó kéré. Ẹni tí a bá sì ní kí ó ṣe onígbọ̀wọ́, kí ó ka ìwé náà tán, kí ó wo iye tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì bi ara rẹ̀ bóyá òun lè san án láìta ilé tí àwọn ọmọ òun ń sùn sí. Bí kò bá lè san án, kí ó sọ pé rárá pẹ̀lú ìfẹ́. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju gbèsè ọdún mẹ́wàá lọ.

Mo ti ṣèlérí láti sọ ohun tí mo dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóhùn. Nígbà tí ó padà wá, mo wí fún un pé, "Ọmọ mi, ìwé tí o mú wá kò ní iye kankan nínú, ó ní kí n san ohunkóhun tí ó bá sọnù. Èmi kì yóò fọwọ́ sí èyí. Lọ gba ìwé-àṣẹ ná. Mú onígbọ̀wọ́ méjì mìíràn wá tí wọ́n mọ̀ ọ́ láti kékeré, kí a pín in sí mẹ́ta. Kí a kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Kí o sì mú ìwé ìṣirò rẹ wá fún wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta." Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ kò fọkàn tán mi ni?" Mo ní, "Mo fọkàn tán ọ. Mo ti fọkàn tán ẹnìkan rí pẹ̀lú." Mo sì sọ ìtàn opó náà fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́ fún yín. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀, ó mú ìwé rẹ̀, ó sì lọ.

Èmi kò rí i ní Sunday méjì. Mo rò pé inú bí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó tó dé, ìwé-àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ sì tẹ̀lé e. A jókòó, a ka ìwé tuntun náà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì rí iye tí ó kàn mí níbẹ̀. Ó jẹ́ iye tí yóò dùn mí bí mo bá san án, ṣùgbọ́n mo lè san án. Mo fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbàdúrà fún ọmọ náà. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ pẹ̀lú. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó mi agogo níbi tí ìlù kò ti dún, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kí Ọlọ́run tí ń ṣe onídàájọ́ àwọn opó pa ilẹ̀ Ìlobùú àti Ifọ́n mọ́ ní àlàáfíà, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó ń ṣèlérí. Àmín.